Ọmọ Senya Beraku Tó Di Swami

Bí ẹ bá rí fọ́tò ọkùnrin yìí láìmọ orúkọ rẹ̀, aṣọ ni ojú yín yóò kọ́kọ́ bà lé. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni, irú èyí tí àwọn tó ti fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run máa ń wọ̀ ní Íńdíà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ óò tó wo ojú. Ojú adúláwọ̀ ni, ojú àgbàlagbà onírùngbọ̀n, irú èyí tí a máa ń bá pàdé ní ọjà Odò-Ògbè tàbí ní Lágere nílé wa ní Ifẹ̀ níhìn-ín, tí a óò ti sọ pé “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bàbá” kí a tó rántí pé a kò mọ̀ wọ́n rí. Ìgbà tí wọ́n bá wá dárúkọ rẹ̀ ni ẹnu yóò yà yín: Swami Ghanananda Saraswati. Kì í ṣe ará Íńdíà tó ṣí wá sí Áfíríkà o. Ọmọ etíkun Gáná ni, òun ni wọ́n sì kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di swami, ìyẹn ẹni tó ti fi ayé sílẹ̀ fún ìsìn, nínú ẹ̀sìn Híńdù nílẹ̀ Áfíríkà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1937, ni wọ́n bí i ní Senya Beraku, ìlú àwọn apẹja kan ní ìwọ̀-oòrùn Accra. Kwesi ni wọ́n sọ ọ́, nítorí Kwesi ni ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Àìkú máa ń jẹ́ lágbègbè yẹn. Essel ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Odi ńlá kan ṣì dúró létí òkun ní ìlú náà títí di òní, àwọn òyìnbó Dutch ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ìrètí Rere ni wọ́n pe odi yẹn, ẹrú ni wọ́n sì ń tì mọ́ inú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo iṣẹ́. Ilé tí Kwesi dàgbà sí, ilé àwọn tó fi ẹ̀sìn àbáláyé sílẹ̀ gba ẹ̀sìn Kristi ni. Láti kékeré, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ nípa rẹ̀ ti sọ, ni ọmọ náà ti ń tú ìwé ẹ̀sìn wò, tó ń wá ẹni tí yóò sọ ìdí tí ayé fi rí bó ṣe rí fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ Senya Beraku ṣe dé ìdí Shiva, òrìṣà Híńdù, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ohun tó máa ń sọ sọ́kàn àwọn bàbá wa bí wọ́n bá gbọ́ Íńdíà. Oògùn ni. Àwọn sójà tí òyìnbó kó láti Gáná, Nàìjíríà, Sàró àti Gáḿbíà lọ sí ogun Burma láti ọdún 1943 gba Íńdíà kọjá, ìtàn ni wọ́n sì kó bọ̀: ti ẹni tó ń sùn lórí ìṣó, ti ẹni tó ń fi fèrè pe ejò jáde nínú agbọ̀n. Sinimá Íńdíà dé, ó fi orin àti òrìṣà kún un. Àwọn ọmọ iléèwé a máa fowó sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n lè rí òrùka àti ìwé agbára gbà. Àwọn kan kọ ọ́ sí Íńdíà, àwọn mìíràn sí ilé iṣẹ́ De Laurence ní Chicago, tí òun náà ń fi orúkọ Íńdíà pọ́n ọjà rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí Íńdíà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán Màmíwọ́tà tó gbajúmọ̀ jù lọ, ti obìnrin onírun gígùn tí ejò rọ̀ mọ́ lọ́rùn, Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láyé ọjọ́un. Ní 1955, Shree Ram Calendar Company ní Bombay tún tẹ 12,000 ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Kumasi. Àwòrán àwọn òrìṣà Híńdù gan-an tẹ̀lé e wá, àwọn tó ń sin Màmíwọ́tà ní Tógò àti Benin sì gbé wọn sí ojúbọ láìbi ará Íńdíà kankan léèrè. Àwọn Ewe rí Dattatreya olórí mẹ́ta, wọ́n ní Densu tiwọn nìyẹn, òrìṣà odò tí ń fúnni lówó. Kó tó di pé Kwesi di swami, àwọn òrìṣà náà ti ní onílé lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí Kwesi Essel gbà lọ́wọ́ Íńdíà yàtọ̀. Òun náà gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ló wà nínú tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Divine Life Society ní Rishikesh, lápá àríwá Íńdíà, ló ń kọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Dókítà ni ẹni tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, Swami Sivananda. Ó tọ́jú aláìsàn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ní Malaya kí ó tó kó gbogbo rẹ̀ dànù, tó sì fìdí kalẹ̀ sétí odò Ganges ní 1924. Ní 1936 ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó kọ ìwé ju igba lọ, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ohun tó ń kọ́ àwọn ènìyàn kò ṣòro láti kà: kí a sin ọmọnìkejì, kí a fẹ́ràn rẹ̀, kí a lawọ́, kí ọkàn mọ́, kí a jókòó ṣàṣàrò títí tí a óò fi mọ ẹni tí a jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Kò sí àwúre níbẹ̀, kò sì sí ọ̀tá tí a óò fi nǹkan ṣẹ́. Ẹni tó ń retí òrùka agbára tó wá gba irú lẹ́tà yìí, mo rò pé yóò bínú.

Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 1962 ni Kwesi dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Accra, ó pè é ní Divine Mystic Path Society. Ó ti di ọdún márùn-ún tí Gáná gba òmìnira nígbà náà, Ààrẹ Nkrumah ṣì wà lórí oyè, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń yẹ gbogbo ohun tí wọ́n jogún lọ́wọ́ òyìnbó wò lẹ́ẹ̀kejì. N kò fẹ́ kí a gbàgbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tiwa ní Gáná láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Lóṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia tó wà lórí oyè ní Gáná nígbà náà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀, di ẹrù wálé, ẹlòmíràn fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lé ọmọ Odùduwà jáde yìí kan náà ni òrìṣà Íńdíà ti ń fìdí jókòó jẹ́jẹ́.

Ní 1975 ni Swami Krishnananda Saraswati, tí òun jẹ́ ọmọ Íńdíà, ṣe ètò tó sọ Kwesi Essel di Swami Ghanananda. Ètò yẹn kì í ṣe oyè jíjẹ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú ìlànà àwọn tó ń jẹ́ Saraswati, ẹni tó fẹ́ di swami yóò fá orí, yóò ṣe ìsìnkú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò fi orúkọ tí ilé sọ ọ́ sílẹ̀, yóò wá gbé aṣọ aláwọ̀ iná wọ̀. Láti ọjọ́ náà, òkú ni lójú ayé. Kò ní ogún kan tí yóò pín mọ́, kò sì sí ìdílé tí yóò máa fọ́nnu fún.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò dáadáa. Gáná ni a ń wí, níbi tí òkú àgbà ti lè pẹ́ ní mọ́ṣúárì fún oṣù mélòó kan nítorí àtiṣe é bó ṣe yẹ, tí gbogbo ẹbí yóò ra aṣọ pupa àti dúdú, tí wọn óò lẹ fọ́tò olóògbé mọ́ ògiri káàkiri àdúgbò. Àwa tó wà níbí kò sàn jù wọ́n lọ, ẹni tí kò fún bàbá rẹ̀ ní owó oògùn nígbà ayé a máa yáwó pa màlúù lọ́jọ́ ìsìnkú. Láàárín irú àwa yìí ni ọkùnrin kan ti gba ìlànà tó sọ pé ìsìnkú òun ti parí, kí ọjọ́ ikú tó pé. Lójú tèmi, ìyẹn ya ni lẹ́nu ju ti Shiva lọ.

Ọdún 1975 yẹn náà ni ilé ìsìn swami náà, Hindu Monastery of Africa, bẹ̀rẹ̀ ní Odorkor, lápá ìwọ̀-oòrùn Accra. Àdúgbò ìdákẹ́jẹ́ kọ́ rárá. Ojú títì tó lọ sí Kasoa kọjá níbẹ̀, àwọn awakọ̀ trotro, ọkọ̀ akérò wọn, ń fọn fèrè, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń ké pe èrò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé òrìṣà yóò bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tùràrí ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Àwọn tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn ère, ọmọ Gáná ni wọ́n, àwọn obìnrin wé gèlè, àwọn mìíràn pọn ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Bí ọdún Ganesh, òrìṣà olórí erin, bá sì dé, wọn a bọ ère rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a wá gbé e lọ sétí òkun kí wọ́n rì í sínú omi.

Iná tí wọ́n ń pè ní aarti ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ọkàn ìsìn náà wà níbẹ̀. Awo idẹ kékeré ni, wọn a fi káńfọ̀ sí i, wọn a ṣáná sí i. Àwòrò a gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún, a máa yí i po níwájú ère, láti ẹsẹ̀ dé orí, nígbà tí ọwọ́ òsì ń mi agogo kékeré. Orin á gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé awo iná yẹn wá sí àárín èrò. Olúkúlùkù á na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo iná náà láìkàn án, títí ooru rẹ̀ yóò fi dé ọwọ́, yóò wá fi ọwọ́ yẹn pa ojú àti orí. Ìyá tó pọn ọmọ á tún padà nawọ́, á fi pa orí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Káńfọ̀ ni wọ́n yàn nítorí pé kì í fi eérú sílẹ̀ bó bá jó tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí èmi-ni, èmi-ni jó tán nínú ènìyàn. Wọ́n á wá pín èso àti oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú òrìṣà, kò sí ẹni tí yóò lọ lọ́wọ́ òfo.

Ará Ifẹ̀ tó bá jókòó síbẹ̀ kò ní sọnù. Ìlú tí wọ́n ti ń bọ igba irúnmọlẹ̀ ó lé kan ló ti wá. Ó ti rí Ọbalésùn àwòrò àti àwọn ọmọ Ọbàtálá nínú aṣọ funfun lọ́jọ́ ọdún Ìtàpá, ó mọ ìró àjà, ó mọ omi tútù, ẹfun, obì ifin àti ìgbín. Ó mọ̀ pé oúnjẹ tó bá ti dé iwájú òrìṣà kì í ṣe oúnjẹ lásán mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá wo swami fúnra rẹ̀ ni yóò rí ohun tí kò sí nílé. Àwa kò ní ẹni mímọ́ tí kò gbọdọ̀ láya. Ìyàwó Ọbàtálá wà, ti Ọ̀rúnmìlà kò lóǹkà. Babaláwo tó bá gun Òkè Ìtasẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Ifá lóṣù kẹfà, ire owó, ire aya, ire ọmọ àti ire àìkú ni yóò máa wúre rẹ̀ fún wa, a ó sì máa ṣe àṣẹ. Ohun tí babaláwo ń tọrọ fún ni gan-an ni swami sọ pé òun ti fi sílẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ swami, èyí tí mo kà sí jù ni pé kì í fa ẹnikẹ́ni. Kò rán ènìyàn lọ sí ìdíkọ̀ láti máa wàásù. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ tó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kó yàn. Ojú tí àwọn Híńdù fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn bá gbà wọlé tọ Ọlọ́run, ilé kan náà ni yóò bá a, nítorí náà kí ló dé tí a óò fi máa fa ara wa láṣọ lójú ọ̀nà? Ifẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí láìkà á nínú ìwé. Alàájì tó dá owó ewúrẹ́ fún ọdún egúngún ilé wọn ń bẹ ládùúgbò mi, kò sì sí ìmáàmù tó lé e kúrò ní mọ́ṣáláṣí.

Ó wá ku ibi tí n kò ti gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń sáré sọ pé ohun kan náà ni ẹ̀sìn Híńdù àti tiwa. Wọ́n ní karma ni àkúnlẹ̀yàn. Rárá o. Ẹni tó lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, kò mọ èyí tó jinná nínú orí àti èyí tó sán. Ẹwà ẹ̀yìn ló wò, ó gbé e, òjò ayé ló wá fi hàn án. Àìmọ̀ ló fà á, ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ orí, tí a ń rúbọ, tí a ń wá ẹlẹ́yinjú àánú tí yóò bá ni tún un ṣe. Karma ní tirẹ̀, ìwé gbèsè ni: ohun tí o jẹ láyé tí o ti lò rí ni o ń san níbí, ohun tí o bá sì jẹ níbí ń dúró dè ọ́.

Ti àtúnwá ni ọ̀nà ti pín jù lọ. Bí bàbá bá kú nílẹ̀ Yorùbá, a kì í pẹ́ gbàdúrà pé kó tètè padà wá yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bí ìyàwó ilé bá bí ọkùnrin lọ́dún náà, Babátúndé dé, ayọ̀ ni. Àwọn Akan náà gbà pé òkú ń padà sí ìdílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ́ Híńdù yó kò fẹ́ padà wá. Wíwá àti lílọ yẹn ti sú u. Àdúrà rẹ̀ ni pé kí okùn ìpadàbọ̀ já, kí òun wọ inú Ọlọ́run lọ bámúbámú. Ohun tí Swami Ghanananda gbé wá bá àwọn ará Gáná nìyí, àwọn tí ayé dùn mọ́ débi pé ikú gan-an kò dí wọn lọ́wọ́ àtipadà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tó rọrùn láti tà. Bí Ọ̀mọ̀wé Albert Kafui Wuaku ti fi hàn nínú ìwé tó kọ ní 2013 lórí àwọn òrìṣà Híńdù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìwòsàn àti agbára ni ọ̀pọ̀ ọmọ Gáná bá dé ìdí àwọn òrìṣà yìí. Òkìkí oògùn Íńdíà tí swami kò bá lọ náà ló ń bá a pe èrò wá sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá gba àlàáfíà ara, ó ń fún wọn ní àṣàrò mọ́ ọn.

Nàìjíríà náà rí irú tirẹ̀, àmọ́ ìwà wọn kò jọra. Bhakti Tirtha Swami, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Cleveland ní 1950, tó ka ìwé ní Princeton, tó sì di aṣáájú nínú ẹgbẹ́ Híńdù tó ń jẹ́ Hare Krishna, ló wá ń ṣiṣẹ́ láàárín wa láti nǹkan bí 1979. Wọ́n fi í joyè ní Warri ní 1990, ó sì kú ní 2005. Ajíhìnrere ni tiyẹn, ó ń rìn, ó ń kọ ìwé, ó ń bá àwọn ńláńlá jókòó. Ti Odorkor jókòó sílé rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Mo ti gbọ́ ìbéèrè tí àwọn kan máa ń bi, pàápàá àwa tí a ń pe Ifẹ̀ ní orírun. Kí ló dé tí ọmọ Áfíríkà kò fi bọ òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ kó tó ré kọjá òkun lọ bọ ti ẹlòmíràn? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n kí a bi gbogbo ènìyàn. Òrìṣà ilé bàbá Kwesi ti kúrò nílẹ̀ kí ó tó gbọ́njú. Àwọn òbí rẹ̀ ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹ̀sìn tó gba orí omi wá, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè pé kí ló dé. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín aláwọ̀ dúdú tó kúnlẹ̀ fún Shiva kì í rẹ́rìn-ín ara wọn lọ́jọ́ Kérésì. Èmi rí i pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ohun tó gbà gbọ́, tó kọ̀wé, tó dúró de èsì, tó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ san án, kò jẹ wá ní àlàyé.

Ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2016 ni Swami Ghanananda papòdà, lẹ́ni ọdún 78. Ilé òrìṣà márùn-ún ni wọ́n ní ó dá sílẹ̀ ní Gáná. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970 ti ń darúgbó, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ju inú ìwé lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ẹ ń wá orí ọ̀rọ̀ tí ẹ óò fi gba oyè, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Cotonou, sí Lomé, sí Accra kò jìn. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dání, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láyé.